“Lọ̀ ọ́, ṣebí inú kan náà ló ń lọ”: irọ́ tó wà nídìí oògùn lílọ̀ ní care home

Kò sí ẹni tó ti pẹ́ nídìí iṣẹ́ kíà, iṣẹ́ títọ́jú àwọn àgbàlagbà, ní Ìlú Ọba tí kò tíì gbọ́ ọ rí: “Ṣé màmá ò lè gbé e mì ni? Lọ̀ ọ́, kó o pò ó mọ́ yógọ́ọ̀tì. Ṣebí inú kan náà ló ń lọ.” Láti ilé ni púpọ̀ nínú wa ti mú èrò yẹn wá: ṣíbí méjì, parasítámọ́ọ̀lù kan, ṣúgà díẹ̀, ọmọ á lá a. Parasítámọ́ọ̀lù lásán kì í sábà fa wàhálà. Ọ̀pọ̀ nínú oògùn àwọn àgbàlagbà kò rí bẹ́ẹ̀.

Ẹ wo ohun tó tẹ̀ lé orúkọ oògùn lára páálí: MR, SR, XL, LA, Retard, Chrono. Ìtumọ̀ gbogbo wọn ni pé díẹ̀díẹ̀ ni oògùn náà ń tú jáde. Hóró morphine, oògùn ìrora líle, tí wọ́n ń lò lẹ́ẹ̀mejì lójúmọ́ gbé oògùn wákàtí 12 sínú. Bí wọ́n ṣe ṣe hóró yẹn ló ń dá oògùn náà dúró. Tí ẹ bá ti lọ̀ ọ́, ohun tó yẹ kó wọ ara láti àárọ̀ títí di alẹ́ á ya wọlé lẹ́ẹ̀kan. Oorun àsùnwọra á dé, mímí á máa falẹ̀, ó sì lè dúró pátápátá. Ti nifedipine MR, oògùn ẹ̀jẹ̀ ríru, ìfúnpá ẹ̀jẹ̀ ni yóò já wálẹ̀ lójijì, bàbá tó bá sì dìde láti lọ tọ̀ lè ṣubú. Kí ilẹ̀ tó ṣú, oògùn ti tán lára.

Àmì EC lára páálí yàtọ̀ díẹ̀: wọ́n bo hóró náà kí omi kíkan inú ikùn má baà kàn án. Bẹ́ẹ̀ náà ni àwọn hóró wẹ́wẹ́ inú kápúsù omeprazole, oògùn tó ń dín omi kíkan inú kù. Tí ẹ bá lọ̀ wọ́n, omi kíkan yẹn á ba oògùn náà jẹ́ kó tó dé ìfun. Ẹ ó fọwọ́ sí ìwé MAR, ìwé tí a ń kọ oògùn tí wọ́n lò sí, pé màmá ti lò ó, nígbà tó fẹ́rẹ̀ẹ́ má lo nǹkan kan.

Alendronic acid, oògùn egungun, tún burú jù. Ó ń jó ọ̀fun. Ìdí nìyẹn tí wọ́n fi ní kí èèyàn fi omi lásán kún ife kan gbé e mì lódidi, kó tó jẹun, kó má sì dùbúlẹ̀ fún ó kéré tán ìṣẹ́jú 30. Tí a bá pò ó mọ́ yógọ́ọ̀tì, kálísíọ́ọ̀mù inú wàrà ò ní jẹ́ kí ara gbà á. Ẹni tó ń lọ oògùn náà ò yọ: finasteride, oògùn próstéètì, tó bá ti fọ́, olóyún ò gbọ́dọ̀ fọwọ́ kàn án, bẹ́ẹ̀ ni ẹnikẹ́ni ò gbọ́dọ̀ fa eruku methotrexate, oògùn oríkèé ríro, símú.

Ká tiẹ̀ ní oògùn tó ṣeé lọ̀ ni. Ẹ pò ó mọ́ abọ́ ògì, màmá lá ṣíbí mẹ́ta, ó ti abọ́ sẹ́yìn. Mélòó ló wọlé? Ẹ ò lè fún un ní òmíràn, ẹ ò sì lè kọ pé ó lò ó. Tí dókítà bá ti fọwọ́ sí i, inú oúnjẹ tó tó ṣíbí kan ṣoṣo ni kí ẹ pò ó sí, kí oògùn kọ̀ọ̀kan dá wà. Ẹ fi omi díẹ̀ ṣan inú ohun tí ẹ fi lọ̀ ọ́, kí ó mu ún, nítorí ìyẹ̀fun máa ń kù sí ìdí rẹ̀. Ẹ fọ̀ ọ́ kí ẹ tó lò ó fún ẹlòmíràn: ara ẹni yẹn lè máà gba oògùn penicillin.

Pípò ó láìsọ fún un tún jẹ́ ọ̀rọ̀ òfin. Ní England àti Wales, Mental Capacity Act 2005, òfin nípa ẹni tó lè dá ìpinnu ṣe àti ẹni tí kò lè dá a ṣe, ló de ọ̀rọ̀ yìí. Ẹni tí làákàyè rẹ̀ pé tó ní òun ò lo oògùn, òun ló ni ẹnu rẹ̀. Ẹ kọ ọ́ sílẹ̀ pé ó kọ̀, kí ẹ sì sọ fún ọ̀gá yín. Ẹni tí kò lè dá ìpinnu yẹn ṣe, wọ́n gbọ́dọ̀ yẹ̀ ẹ́ wò lórí ìpinnu náà gan-an, kí dókítà, apòògùn àti ẹbí jọ sọ̀rọ̀, kí wọ́n kọ ètò náà sílẹ̀ pẹ̀lú ọjọ́ tí wọn yóò tún un yẹ̀ wò. Òṣìṣẹ́ alẹ́ kan ò lè dá a pinnu lẹ́gbẹ̀ẹ́ kẹ̀kẹ́ oògùn.

Tí gbígbé mì bá ti le, ẹ dúró níbẹ̀. Ẹ pe ọ̀gá tàbí nọ́ọ̀sì, kí wọ́n béèrè lọ́wọ́ apòògùn bóyá ó ní olómi, èyí tó ń yọ́ nínú omi, tàbí èyí tí wọ́n ń lẹ̀ mọ́ ara. Ẹ má ṣe fi olómi rọ́pò fúnra yín: phenytoin, oògùn wárápá, jẹ́ àpẹẹrẹ: phenytoin sodium 100 mg inú kápúsù jẹ́ nǹkan bíi phenytoin 92 mg, dókítà ló gbọ́dọ̀ tún un ṣírò. Kí ìdáhùn wọn wà lórí ìwé, kó má jẹ́ “wọ́n ní kò sí wàhálà.”

Ẹ kíyè sí macrogol náà, oògùn tó ń mú ìgbẹ́ rọ̀. Tí ẹ bá pò ó mọ́ thickener onísítáàṣì (ìyẹ̀fun tí a fi ń mú ohun mímu ki fún ẹni tí gbígbé mì le fún), ohun mímu tó ti ki yẹn á tún ṣàn bí omi, ó sì lè gba ọ̀nà ẹ̀dọ̀fóró lọ. MHRA, àjọ tó ń mójú tó oògùn ní Ìlú Ọba, kìlọ̀ nípa rẹ̀ ní 2021. Ẹ wo ara agolo thickener náà bóyá sítáàṣì ni tàbí gum, kí ẹ sì bi apòògùn kí ẹ tó pò wọ́n pọ̀.