Yọ Bẹ́líìtì Rẹ Kí O Tó Wọ Yàrá Jìtá

“Àbúrò, yọ bẹ́líìtì ẹ.”

Ohun tí ẹ̀gbọ́n fi kí mi káàbọ̀ nìyẹn. Mo rò pé ó ń ṣàwàdà ni. Pápákọ̀ òfurufú nìkan ni wọ́n ti ń sọ irú ẹ̀ fún mi ní Amẹ́ríkà, bẹ́ẹ̀ ilé oníṣègùn eyín, ọmọ Ìjẹ̀bú, ni mo wà ní New Jersey, tí mo yà kí lẹ́yìn ìsìn ọjọ́ Àìkú. Ó tún nawọ́ gba aago ọwọ́ mi. Ó ní irin orí bẹ́líìtì máa ń ha á lẹ́yìn. Mo ní ta ló ń ha? Ó ní jìtá ni.

Mo yọ ọ́. Ìgbà tí mo ṣì sanra ni mo ra ṣòkòtò tó wà nídìí mi, nítorí náà mo fi ọwọ́ òsì gbá a mú níbàdí, mo tẹ̀ lé e.

Ọmọ mẹ́ta ń sùn nínú yàrá kan lókè ilé yẹn. Jìtá ní yàrá tiẹ̀. Ẹ̀rọ kan ń fọ́n ìrì síbẹ̀ tọ̀sán-tòru, òmíràn wà lára ògiri tó ń ka bí omi inú afẹ́fẹ́ ṣe pọ̀ tó: 47 nínú 100. Ẹ̀gbọ́n ní tó bá já wá sílẹ̀ ju 40 lọ, igi lè là. Mo wo àwọn òdòdó ìyàwó rẹ̀ tó wà ní pálọ̀, wọ́n ti gbẹ fọ́nfọ́n.

Archtop ni wọ́n ń pe irú jìtá yìí. Àyà rẹ̀ wú bí ẹ̀yìn ahun, ihò méjì tó rí bí lẹ́tà f sì wà lára rẹ̀ bíi ti fáyólìn. Gbígbẹ́ ni wọ́n ń gbẹ́ ẹ. Agbẹ́jìtá á mú igi spruce tó nípọn, á máa fá a, á máa fi ìka kàn án, á dẹtí sí i, á tún fá a, títí yóò fi fẹ́lẹ́ bó ṣe fẹ́. Igi maple ló ń fi ṣe ẹ̀yìn àti ẹ̀gbẹ́. Iṣẹ́ gidi ni, mi ò ní parọ́ mọ́ ọn. Àwọn Àyàn tiwa náà mọ bí igi ṣe ń fọhùn, ṣùgbọ́n mi ò tíì bá onílù pàdé tó ní kí n bọ́ bẹ́líìtì.

Ariwo ni wọ́n torí ẹ̀ ṣe jìtá yìí, ẹ jẹ́ n rán àwọn olówó létí. Ilé iṣẹ́ Gibson gbé archtop tó ń jẹ́ L-5 jáde ní Kalamazoo, ní ìpínlẹ̀ Michigan, ní ọdún 1922. Nígbà tó yá, àwọn ẹgbẹ́ eléré ijó gbà á dípò bánjò, torí pé jìtá lásán láàárín fèrè onídẹ àti ìlù dà bí ẹni tó ń sọ̀rọ̀ kẹ́lẹ́kẹ́lẹ́ lọ́jà Oyíǹgbò. Nígbà tó di 1934, wọ́n gbé èyí tó tún tóbi jù bẹ́ẹ̀ lọ jáde, wọ́n pè é ní Super 400. Irínwó dọ́là tí wọ́n ń tà á ni 400 yẹn o! Ẹni tó wọ aṣọ lọ òde tí kò já ìwé iye owó kúrò lọ́rùn rẹ̀ nìyẹn.

Atajìtá kan, Freddie Green, wọ ẹgbẹ́ eléré jáàsì Count Basie ní 1937, ibẹ̀ ló wà títí ó fi kú ní 1987. Igi àti okùn ló fi ń bá fèrè onídẹ jà, ẹ̀ẹ̀mẹrin, ẹ̀ẹ̀mẹrin, láìdúró. Kì í fẹ́rẹ̀ẹ́ dá ta jìtá rẹ̀ kí àwọn yòókù dákẹ́. Òógùn rẹ̀ ń kán sí igi yẹn lóru. Ta ni ó bi í pé mélòó ni afẹ́fẹ́?

John D'Angelico, agbẹ́jìtá, ńkọ́? Ó ṣí ṣọ́ọ̀bù ní 40 Kenmare Street ní Manhattan ní 1932. Nígbà tó fi máa kú ní 1964, jìtá 1,164 ló ti ṣe. Àwọn tó ń fi jìtá jẹun ní kílọ́ọ̀bù àti rédíò ló ń wá bá a. Lónìí, ọ̀pọ̀ olórin ò rí i àfi nínú gíláàsì, bí irú èyí tí mùsíọ́mù Metropolitan pàtẹ ní 2011. Àwọn dókítà eyín àti lọ́yà ló ń rà á, àwọn tó kù nínú wọn ń bẹ agbẹ́jìtá òde òní ní tuntun, ní owó tó tó ra mọ́tò, wọ́n á sì dúró fún ọdún méjì, mẹ́ta, bí ẹni ń wá ọmọ.

Aṣọ ẹbí náà tilẹ̀ ti wọ ọ̀rọ̀ yìí rí. Olówó kan, Scott Chinery, ra jìtá búlúù lọ́wọ́ James D'Aquisto, ọmọ iṣẹ́ D'Angelico. Ó wù ú débi pé ó ní kí agbẹ́jìtá 22 gbẹ́ tiwọn náà, búlúù kan náà. Ní 1997, wọ́n kó wọn lọ sí mùsíọ́mù Smithsonian ní Washington. Ó kù kí wọ́n pín abọ́ àti ike fún àlejò.

Ẹ̀gbọ́n ní kí n gbọ́ ohùn tirẹ̀. Kọ́ọ̀dù mẹ́ta ló mọ̀, ìkẹta gan-an ń sá fún un. “Ohùn ẹ̀ dúdú,” ló wí. “Ó gbóná. Ó ń mí.” Mo kọ́kọ́ rò pé ọbẹ̀ ẹ̀fọ́ là ń sọ. Ohun tí jìtá náà ń sọ kò ju “dúm” lọ, á sì kú síbẹ̀, kì í fà. Bó ṣe yẹ kó rí nìyẹn: nínú ijó, ohùn tó bá ń fà á bo èyí tó tẹ̀ lé e mọ́lẹ̀. Ṣùgbọ́n kò sẹ́ni tó ń jó nínú yàrá yìí.

Mo wá sọ̀rọ̀ tí kò yẹ kí n sọ. Mo ní ẹ̀gbọ́n, Joe Pass àti Jim Hall, àwọn atajìtá jáàsì tí ẹ fi rẹ́kọ́ọ̀dù wọn kún ilé yìí, jìtá Gibson ES-175 ni wọ́n fi ta púpọ̀ nínú ohun tẹ́ ẹ̀ ń gbọ́. Plywood, igi fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ tí wọ́n lẹ̀ pọ̀, ni jìtá yẹn látọdún 1949 tí wọ́n ti gbé e jáde, wọ́n sì so ó mọ́ amplifier, ẹ̀rọ tó ń gbé ohùn sókè. Ẹ̀gbọ́n dákẹ́ bí ẹni tí wọ́n sọ fún lóde ìyàwó pé léèsì Austria tó wọ̀, Ṣáínà ni wọ́n ti hun ún.

Jìtá tèmi wà nínú bùútù mọ́tò lójúde. Ata ọbẹ̀ ti ta sí i nílé ìsọmọlórúkọ, wọ́n sì ti lẹ dọ́là mọ́ ọn lórí lóde jùjú. Mi ò dárúkọ rẹ̀.

Níkẹyìn, àánú mi ṣe é. Kò sí àga nínú yàrá náà, torí àga lè gbá a. Ó gbé jìtá dúró níwájú mi, bí ẹni gbé ọmọ tuntun fún pásítọ̀. “Ta á.”

“Ẹ̀gbọ́n, ọwọ́ kan ló ṣẹ́ kù fún mi.”

“Okùn kan náà ti tó. Mi ò fẹ́ kí wọ́n tètè gbó.”

Mo fi àtàǹpàkò ta á. Dúm. Ó di ojú. “O gbọ́ igi yẹn?”

Mo ní mo gbọ́ ọ, sà. Ọwọ́ òsì mi ò kúrò níbàdí ṣòkòtò.