Àmì ohùn kọ́ ni mo ní kẹ́ ẹ bá mi wò

Ẹ̀yin tí ẹ ń kọ ìtàn àròsọ lédè Yorùbá, ẹ ó jẹ́rìí mi. Téèyàn bá kọ ìwé tán, tó ń tún un kọ, tó wá gbé e fún ẹlòmíì pé kó bá òun yẹ̀ ẹ́ wò, èsì méjì ló sábà máa ń rí gbà. Ọ̀kan ni, "Ẹ kú iṣẹ́ ọpọlọ, Ọlọ́run á fi kún ìmọ̀ yín." Èkejì ni ìwé tí wọ́n ti fi bírò pupa kùn látòkè délẹ̀: fi àmì sórí eléyìí, ya tọ̀hún sọ́tọ̀, ọ̀rọ̀ méjì lèyí, kì í ṣe ẹyọ kan. Ìyá tó kú ní orí kẹta ńkọ́, tí gbogbo ìtàn rọ̀ mọ́ ikú rẹ̀? Kò sẹ́ni tó sọ bóyá ikú náà dun òun tàbí kò dun òun.

Mi ò bá àwọn olùkọ́ èdè jà o. Ìwé tí àmì rẹ̀ rí játijàti, ẹ̀gàn ni. Ṣùgbọ́n àsìkò wà fún un. Kí ni mo fẹ́ fi àmì ohùn ṣe lórí orí tí mo lè yọ dànù lọ́la? Àkọtọ́ òde òní tí ìjọba fọwọ́ sí lọ́dún 1974 ṣì máa wà níbẹ̀ lọ́jọ́ tí ìtàn bá fẹsẹ̀ múlẹ̀. Ìdí nìyẹn tí mo fi máa ń sọ ọ́ kí n tó gbé ìwé sílẹ̀: "Ẹ jọ̀ọ́ sà, ẹ fi bírò yín sápò. Ìtàn ni kẹ́ ẹ bá mi wò."

Ti àwọn tó ń kí wa kú iṣẹ́ ló le jù, torí ẹ̀kọ́ ilé ló fà á. Àbúrò wo ló máa sọ lójú ẹ̀gbọ́n rẹ̀ pé ìwé ẹ̀gbọ́n sú òun? Bẹ́ ẹ bá bi í pé "Ṣé ó dára?", ẹ ti mọ ohun tó máa sọ. Ìbéèrè ló yẹ ká pààrọ̀. Ibo lo kà dé kó o tó gbé e sílẹ̀? Ta lo gbàgbé orúkọ rẹ̀ nínú wọn? Nígbà tí bàbá yẹn wọ mọ́tò kúrò ní Ìwó, kí lo rò pé ó ń lọ ṣe? Kò sí àrífín nínú kéèyàn dáhùn irú ìbéèrè wọ̀nyí. Bó bá ní orí kejì lòun wà kí iná tó lọ, tí kò sì padà sí i nígbà tí iná dé, ó ti fún yín lésì.

Àwọn kan á ní àwọn ò nílò gbogbo ìyẹn, pé àwọn ń fi orí kọ̀ọ̀kan sórí WhatsApp lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀, àwọn òǹkàwé sì ń dáhùn. Ọ̀nà náà ti pẹ́. Láti 1929 sí 1930 ni I. B. Thomas fi ń tẹ ìtàn obìnrin kan tó ń jẹ́ Sẹ̀gilọlá sínú ìwé ìròyìn rẹ̀, Akéde Èkó, tí lẹ́tà àwọn òǹkàwé ń wọlé, tí ìtàn ń lọ. Ohun àmúyangàn ni. Àmọ́ ẹni tó ń dúró de apá tó ń bọ̀ kì í ṣe olùyẹ̀wò. Bóyá àṣírí obìnrin inú ìtàn máa tú ló jẹ ẹ́ lógún. Kò lè sọ fún yín pé ọ̀rọ̀ kan náà ni orí kẹrin àti ìkarùn-ún ń sọ. Bó bá tilẹ̀ sọ ọ́, orí kẹrin ti wà lórí fóònù gbogbo ayé, ta ló máa lọ gbà á padà?

Ẹ wo Chinua Achebe. Lọ́dún 1956 tó lọ gba ẹ̀kọ́ lọ́dọ̀ BBC ní Lọ́ńdọ̀nù, ó fi ìwé àfọwọ́kọ Things Fall Apart han Gilbert Phelps, olùkọ́ kan níbẹ̀ tí òun náà ń kọ ìtàn àròsọ. Ìwé náà wu ọkùnrin yìí débi pé ó fẹ́ bá a mú un lọ fún àwọn atẹ̀wé. Achebe ní ó ṣì kù. Ìtàn ìran mẹ́ta, ti bàbá, ti ọmọ àti ti ọmọ-ọmọ, ló kó sínú ìwé kan ṣoṣo nígbà náà. Ó gbé e padà wálé, ó gé e, ó fi ìran kan péré sílẹ̀, ó tún un kọ. Ọdún 1958 ni Heinemann tó gbé e jáde. Ta ni nínú wa tí wọ́n máa yìn báyìí ní Lọ́ńdọ̀nù, tí kò ní gbé e sórí Facebook kílẹ̀ tó ṣú?

Ọ̀nà tí èmi fẹ́ràn jù kò ná èèyàn lówó. Ẹ kà á sókè fún ẹni tó gbọ́ Yorùbá dénú ṣùgbọ́n tí kì í ka ìwé: ìyá àgbà, onídìrí, télọ̀. Télọ̀ ò mọ ohun tó ń jẹ́ àhunpọ̀ ìtàn, ìyẹn bí ìṣẹ̀lẹ̀ inú ìtàn ṣe so kọ́ra, ṣùgbọ́n bẹ́ ẹ bá dé ibi tí ẹ̀dá ìtàn yín ti ń sọ̀rọ̀ bíi akàròyìn, á ní, "Ta ló ń sọ̀rọ̀ báyẹn nínú ilé?" Ibi tí ẹsẹ̀ rẹ̀ bá ti padà sórí ẹ̀rọ ìránṣọ, ẹ sàmì síbẹ̀.

Ẹni tẹ́ ẹ bá sì fẹ́ gbé odindi ìwé fún, ẹ má fi oore lásán dè é. Ẹ sanwó fún un, tàbí kẹ́ ẹ ka tirẹ̀ padà. Èmi náà ní ọ̀kan lọ́wọ́ báyìí, ìtàn àwọn awakọ̀ akẹ́rù ọ̀nà Ṣakí. Ẹni tó bá ń tún tirẹ̀ kọ, kó fi orí mẹ́ta àkọ́kọ́ ránṣẹ́ sí mi ní ìkọ̀kọ̀, èmi náà á fi tèmi ránṣẹ́. Tẹ́ ẹ bá dúró ní orí kejì, ẹ kàn sọ ojú ewé tó jẹ́ fún mi.