Omijé Kọ́ Ni Eré

Bí èèyàn bá ń ṣe eré àdáṣe, tó jẹ́ òun nìkan lórí ìtàgé, tí eré náà sì bani nínú jẹ́, ohun kan ṣoṣo ni ọ̀pọ̀ òǹwòran fi ń díwọ̀n rẹ̀: ṣé omijé dà? Bó bá dà, wọ́n á ní, "Ọmọ yìí mọ eré ṣe o!" Bí kò bá dà, wọ́n á ní kò wọnú eré. Èmi náà gbà bẹ́ẹ̀ fún ọdún gbọọrọ. Mo ti fi róòbù pa abẹ́ ojú rí kí omi lè wá. Omi wá lóòótọ́, ṣùgbọ́n ìbànújẹ́ kankan kò sí nínú mi, ojú ló kàn ń ta mí. Ó yẹ kí n ti kọ́gbọ́n níbẹ̀.

Arábìnrin kan nínú ẹgbẹ́ wa ló là mí lójú. Opó ló ń ṣe. Kò lo róòbù o, ẹkún gidi ló sun. Imú dí, ọ̀fun há, ohùn ń gòkè níbi tí kò yẹ, ó sì ń já wálẹ̀ níbi tó yẹ kó dúró. Ó fẹ́ sọ pé, "Ọkọ mi ti lọ." Ohun tí a gbọ́ ni, "Ọkọ̀ mi ti lọ." Bàbá kan dá a lóhùn láti ẹ̀yìn pé, "Ẹ fara balẹ̀, òmíràn ń bọ̀." Gbogbo gbọ̀ngàn bú sẹ́rìn-ín.

Ihò tín-ín-rín kan wà láti ojú lọ sí imú, ibẹ̀ ni omijé ń gbà ṣàn. Ìdí nìyẹn tí imú ẹni tó ń sunkún fi máa ń dí. Ní ti Yorùbá, ohùn òkè, àárín àti ìsàlẹ̀ ló gbé ọ̀rọ̀ dúró. Bí ohùn bá ti dàrú, ọkọ ti di ọkọ̀ nìyẹn.

Àwọn ìyá wa mọ̀ bẹ́ẹ̀. Ẹ wo ẹkún ìyàwó nílẹ̀ Ọ̀yọ́. Ẹkún là ń pè é, ṣùgbọ́n ọmọbìnrin tó ń lọ sílé ọkọ ti kọ́ ọ kí ọjọ́ náà tó pé. Ó mọ ibi tí ohùn yóò ti gbọ̀n, ibi tí yóò ti fà á, ibi tí yóò ti mí. Omijé lè dà, kò burú, ṣùgbọ́n ó gbọ́dọ̀ ṣeé gbọ́ létí bàbá àti ìyá rẹ̀.

Àwọn kan á ní Stanislavski, olùkọ́ eré ìtàgé ará Rọ́ṣíà, ló ní kí òṣèré rántí ìbànújẹ́ tirẹ̀. Ó sọ ọ́ nígbà kan. Ṣùgbọ́n kó tó kú ní 1938, ohun tí ara ń ṣe ló gbájú mọ́. Ní Berlin ní 1949, òṣèré kan tó ń jẹ́ Helene Weigel ṣe ìyá kan tí wọ́n yìnbọn pa ọmọ rẹ̀. Ó gbé orí sẹ́yìn, ó la ẹnu gbàgà, ohùn kankan kò jáde. Eré yẹn kì í ṣe eré àdáṣe, ṣùgbọ́n ẹnu tó là láìsí igbe yẹn ni wọ́n ṣì ń sọ dòní.

Ariwo náà, ọmọ ìyá omijé ni. Ẹni tó bá ti ké tán ní ìṣẹ́jú àkọ́kọ́, kí ló kù tó máa ṣe?

A dá opó wa padà sí ìdánrawò. A gba ẹkún lọ́wọ́ rẹ̀, a fún un ní bùbá ọkọ pé kó máa ká a. Ó tẹ́ ẹ sórí itan, ó ká apá kan, ó fi ọwọ́ nà án. Nígbà tó dé ọrùn aṣọ, ọwọ́ rẹ̀ dúró. Ó mí jáde, kò tètè fa èémí mìíràn. Ó wo ẹnu ọ̀nà, ibi tí orí ọkùnrin tó ga á dé gan-an ni ojú rẹ̀ gún sí. Ó wá fi ohùn jẹ́jẹ́ sọ pé, "Ọkọ mi ti lọ," ó sì ká apá kejì.

Lálẹ́ ọjọ́ tí a gbé e jáde, ẹnikẹ́ni kò rẹ́rìn-ín. Ìyá kan níwájú ń fi etí ìborùn nu ojú. Nígbà tí opó wọlé bá wa lẹ́yìn ìtàgé, ojú tirẹ̀ gbẹ táútáú, ó ń béèrè ẹni tó mu píọ́ wọ́tà òun.