Kí Ẹ̀yáwó Akẹ́kọ̀ọ́ Dé Fásitì Ìjọ Náà

Bí akẹ́kọ̀ọ́ kan bá ń kàwé ní FUTA níbí ní Àkúrẹ́, ìjọba àpapọ̀ lè yá a ní owó ilé-ìwé rẹ̀ láìgba èlé, kí wọ́n sì tún máa fi ₦20,000 ránṣẹ́ sí i lóṣooṣù fún oúnjẹ àti owó ọkọ̀. Bí àbúrò rẹ̀, tí wọ́n jọ ń gbé nínú ilé kan náà ní Òkè-Àró, bá rí ààyè ní Veritas, fásitì tí àwọn bíṣọ́ọ̀bù ìjọ Àgùdà ilẹ̀ wa dá sílẹ̀ ní Àbújá, kọ́bọ̀ kan kò ní kàn án. JAMB kan náà ló fún àwọn méjèèjì ní ààyè. NUC kan náà ló ń yẹ iṣẹ́ ilé-ẹ̀kọ́ méjèèjì wò. Bí wọ́n bá kẹ́kọ̀ọ́ jáde, aṣọ kákí NYSC kan náà ni wọ́n máa wọ̀. Ìgbà tí ọ̀rọ̀ bá dé orí owó nìkan ni ìjọba ń rántí pé aládàáni ló ni ọ̀kan nínú wọn.

A kò fara mọ́ ọn. Òfin ẹ̀yáwó akẹ́kọ̀ọ́ tí Ààrẹ Tinúbú fọwọ́ sí ní ọjọ́ 3, oṣù Kẹrin, 2024, ń fẹ́ àtúnṣe. Kí owó náà máa tẹ̀ lé ọmọ dé ibi tó ti ń kàwé, bí ilé-ẹ̀kọ́ náà kò bá ti jẹ́ ti ẹni tó fi ń wá èrè.

Àwa ará ìpínlẹ̀ Oǹdó ló yẹ ká kọ́kọ́ sọ ọ̀rọ̀ yìí, nítorí owó ìjọba àti ọwọ́ ìjọ ló pawọ́ pọ̀ kọ́ púpọ̀ nínú wa. Aquinas College tó ti wà ní Àkúrẹ́ láti 1951, St. Joseph's ní ìlú Oǹdó, àwọn St. Louis tí àwọn Sísítà láti Ireland ti kọ́ àwọn ọmọbìnrin: ta ni kò ní ẹ̀gbọ́n, ìyá tàbí ọ̀gá níbi iṣẹ́ tó gba ibẹ̀ kọjá? Ọmọ Áńgílíkà wà níbẹ̀, ọmọ Mùsùlùmí wà níbẹ̀. Nígbà tí ìjọba Awólọ́wọ̀ bẹ̀rẹ̀ ẹ̀kọ́ ọ̀fẹ́ ní ilé-ìwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ ní ọjọ́ 17, oṣù Kìíní, 1955, kò dúró dìgbà tó máa kọ́ gbogbo ilé-ìwé fúnra rẹ̀. Èyí tó pọ̀ jù nínú àwọn tó wà nílẹ̀, ìjọ ló ni ín. Ìjọba gbé owó sílẹ̀, ìjọ gbé ilé àti tíṣà sílẹ̀, àwọn ìńsípẹ́kítọ̀ sì ń lọ yẹ ìwé wọn wò. Adékúnlé Ajásin, ọmọ Ọ̀wọ̀, tó jẹ́ ọ̀gá Imade College nígbà náà, ní ọwọ́ tó lágbára nínú bí ẹgbẹ́ Action Group ṣe ṣètò rẹ̀. Àwọn àgbà yẹn kò ka owó ìlú tó bá lọ sí ilé-ìwé Fadá sí owó tó sọnù. Ọmọ tó jókòó sí kíláàsì ni wọ́n ń wò.

Láàárín àwọn ọdún 1970 ni ìjọba ológun wá gba àwọn ilé-ìwé náà lọ́wọ́ ìjọ. Orúkọ àwọn ẹni mímọ́ ṣì wà lára pátákó ẹnu géètì, ṣùgbọ́n ìjọba ló ń yan ọ̀gá ilé-ìwé. A kò ní dá ìjà yẹn sílẹ̀ lónìí. Àwọn tó ń fẹ́ kí wọ́n dá wọn padà wà, àwọn tí kò fẹ́ náà wà, kálukú ní ìdí tirẹ̀. Ohun tó kan ọ̀rọ̀ tiwa ni pé ìjọ tó ti ń kọ́ ọmọ wa kí Nàìjíríà tó gba òmìnira wá di ẹni tó gbọ́dọ̀ gba ilé-ẹjọ́ kọjá kó tó lè dá ilé-ìwé mìíràn sílẹ̀.

Ní 1980, ìjọba Jákàńdè l'Ékòó fi ìwé síta pé òun máa fòpin sí ilé-ìwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ aládàáni. Èrò Jákàńdè kò burú, ẹnikẹ́ni tó bá rántí àwọn ọmọ tó ń lọ sí ilé-ìwé ọ̀sán l'Ékòó nítorí pé kíláàsì kò tó mọ ohun tó ń lé. Ṣùgbọ́n Bíṣọ́ọ̀bù Àgbà Olubunmi Okogie àti àwọn alágbàtọ́ ilé-ìwé Àgùdà gba ilé-ẹjọ́ lọ, ilé-ẹjọ́ kòtẹ́milọ́rùn sì dá a ní 1981 pé òfin ilẹ̀ wa kò dí aládàáni lọ́wọ́ láti dá ilé-ìwé sílẹ̀. Ọdún méjì lẹ́yìn náà, nínú ẹjọ́ tí Ukaegbu bá ìjọba ìpínlẹ̀ Imo ṣe, ilé-ẹjọ́ tó ga jù lọ sọ pé ẹ̀tọ́ náà kan fásitì pẹ̀lú. Ni wọ́n bá ń ṣí fásitì bí ẹni ń ṣí búkà. Wọ́n ti lé ní ogún kí ìjọba ológun Buhari tó fi òfin 19 ti ọdún 1984 ti gbogbo wọn pa, ká sì sọ tòótọ́, púpọ̀ nínú wọn kò ju pátákó ẹ̀gbẹ́ títì lọ. Òfin 9 ti ọdún 1993 ló tún ṣí ilẹ̀kùn. Ọdún 1999 ni mẹ́ta àkọ́kọ́ gba ìwé àṣẹ: Babcock, Igbinedion, àti Madonna tí Fadá Emmanuel Edeh dá sílẹ̀ ní Okija.

Àwọn bíṣọ́ọ̀bù fúnra wọn kò rí ìwé àṣẹ Veritas gbà títí di 2007. Nígbà tí àwọn akẹ́kọ̀ọ́ àkọ́kọ́ sì máa wọlé ní 2008, ilẹ̀ Àbújá tí wọ́n fi ń pè é kò tíì ṣe é wọ̀. Obehie, ní ìpínlẹ̀ Abia, ni wọ́n ti bẹ̀rẹ̀. Ẹ fojú inú wo òbí tó ń ṣàlàyé fún ẹbí pé ọmọ òun wà ní fásitì Àbújá, ṣùgbọ́n ọ̀nà Àbá lòun ń gbà lọ bẹ̀ ẹ́ wò! Ó di 2014 kí wọ́n tó kó lọ sí Bwari, níbi tí olú-iṣẹ́ JAMB wà. Ọdún bíi mẹ́fà ni wọ́n fi ṣe àlejò. Kò sì sí owó TETFund, àpò tí ìjọba fi ń ran ilé-ẹ̀kọ́ gíga lọ́wọ́, tó lè bá wọn kọ́ gbọ̀ngàn kan nínú gbogbo ìyẹn, nítorí ilé-ẹ̀kọ́ ìjọba nìkan ni òfin TETFund mọ̀. Lẹ́yìn Veritas, ìjọ Àgùdà Èkó dá Augustine sílẹ̀ ní 2015, ní Ìlárá nítòsí Ẹ̀pẹ́ (ẹ má ṣì í mú fún Ìlárá-Mọ̀kín tiwa tí Elizade wà), àwọn Fadá Dominican náà sì ṣí tiwọn n'Íbàdàn ní 2016. Ọ̀rọ̀ náà kò mọ sí ọ̀dọ̀ Àgùdà. Fásitì Wesley tó wà ní ìlú Oǹdó láti 2007, ìjọ Mẹ́tọ́díìsì ló ni ín, ohun tó ń ṣe Veritas ló ń ṣe òun náà.

Kí ni ohun náà? Owó tí akẹ́kọ̀ọ́ bá san ni wọ́n fi ń san owó oṣù olùkọ́, òun ni wọ́n fi ń ra dísẹ́ẹ̀lì, òun ni wọ́n fi ń ra ohun èlò yàrá ìwádìí tí NUC máa wá kà lọ́kọ̀ọ̀kan. Gbogbo rẹ̀ wá já lé òbí lórí. Àgbẹ̀ kòkó kan ní Ìdànrè tó fi ọmọ sí irú ilé-ẹ̀kọ́ bẹ́ẹ̀ kì í ṣe olówó. Nígbà tí kòkó bá jáde ní oṣù Kẹwàá, ó máa tà, ó máa san ìdajì. Ìdajì kejì ló ń di wàhálà. Ìdánwò ti kù sí dẹ̀dẹ̀, ọmọ ń pè láago pé wọn kò tíì fún òun ní káàdì tí wọ́n fi ń wọlé ìdánwò, bàbá ń wá ẹni tó máa yá òun lówó sórí kòkó tí kò tíì so. Ẹ wá béèrè lọ́wọ́ rẹ̀ ìdí tí kò fi mú ọmọ lọ sí fásitì ìjọba. Ó máa rán yín létí 2022, nígbà tí ASUU da iṣẹ́ sílẹ̀ láti ọjọ́ 14 oṣù Kejì títí di ọjọ́ 14 oṣù Kẹwàá, tí ọmọ ẹlòmíràn fi oṣù mẹ́jọ jókòó sílé.

Àwọn tó lòdì sí èrò wa ní ọ̀rọ̀ tó nítumọ̀ láti sọ. Wọ́n ní owó tó wà nínú àpò NELFUND, àjọ ìjọba tó ń yá akẹ́kọ̀ọ́ lówó, kò tó àwọn ọmọ ilé-ẹ̀kọ́ ìjọba pàápàá. Wọ́n ní ẹni tó bá yan ilé-ẹ̀kọ́ olówó ńlá, kó wá owó ńlá. Wọ́n ní àwọn kan dá fásitì sílẹ̀ nítorí èrè lásán, owó ẹ̀yáwó ìjọba á sì di oúnjẹ ọ̀fẹ́ fún wọn, wọ́n kàn máa fi kún owó ilé-ìwé. Ẹ̀rù ìkẹyìn yìí ló ba àwa náà jù. Gbogbo alángbá ló danú délẹ̀, a kò mọ èyí tí inú ń run nínú wọn.

Ìdí nìyẹn tí a kò fi sọ pé kí wọ́n ṣílẹ̀kùn gbayawu. Iye tí NELFUND máa san fún ọmọ tó ń kọ́ iṣẹ́ nọ́ọ̀sì ní fásitì ìjọ kò gbọ́dọ̀ ju iye tó ń san fún ẹni tó ń kọ́ iṣẹ́ kan náà ní UNIMED, fásitì ìmọ̀ ìṣègùn ti ìjọba, ní ìlú Oǹdó lọ. Èyí tó bá lé, kí òbí àti ìjọ wá a. Ẹ̀kọ́ tí NUC ti fọwọ́ sí pátápátá nìkan ni kí ẹ̀yáwó máa bá lọ. Ilé-ẹ̀kọ́ tó bá sì fẹ́ kí àwọn ọmọ rẹ̀ jàǹfààní gbọ́dọ̀ fi hàn lọ́dọọdún, nínú ìwé ìṣirò tí gbogbo ìlú lè kà, pé kò sí ẹnì kan tó ń pín èrè níbẹ̀. Àwọn tó ń ṣòwò á fúnra wọn yẹra.

Ní ti pé owó kò tó, ẹ jẹ́ ká wo ibi tí owó náà ti ń wá. Lábẹ́ òfin owó orí tuntun tí Ààrẹ fọwọ́ sí ní 2025, àwọn ilé-iṣẹ́ tí kì í ṣe kékeré á máa dá 4% nínú èrè wọn fún ìdàgbàsókè, 15% nínú ohun tí wọ́n bá dá ni ti ẹ̀yáwó akẹ́kọ̀ọ́. Ilé-iṣẹ́ tí ìyá ọmọ Wesley ti ń ṣiṣẹ́ ń dá owó yìí bí ti ìyá ọmọ FUTA ṣe ń dá a. Yàtọ̀ sí ìyẹn, ìjọba kan náà ló sọ ní oṣù Kẹjọ, 2025, pé òun kò ní dá ilé-ẹ̀kọ́ gíga ìjọba àpapọ̀ tuntun kankan sílẹ̀ fún ọdún méje. Wọ́n ní àwọn kan tó wà nílẹ̀ kò rí akẹ́kọ̀ọ́ tó. Òótọ́ ni, bó bá jẹ́ àwọn ẹ̀kọ́ tí ẹnikẹ́ni kì í du. Kí ẹnì kan lọ wá ààyè ìmọ̀ ìṣègùn tàbí ti òfin ní fásitì ìjọba kó wá sọ fún wa bóyá àga ṣófo.

Ìjọ náà ní tirẹ̀ láti ṣe. Ó ń dun àwọn Àgùdà kan ní Àkókó àti Ọ̀wọ̀ pé owó táwọn àti bàbá wọn dá ni wọ́n fi gbé ilé-ẹ̀kọ́ ró, àmọ́ ọmọ tiwọn kò lè dé ibẹ̀. Ìrora yẹn kò ṣé fi àdúrà bò mọ́lẹ̀. Bí àwọn bíṣọ́ọ̀bù bá fẹ́ kí ìjọba fetí sí wọn, kí wọ́n kọ́kọ́ sọ fún wa iye ọmọ tálákà tí wọ́n ń kọ́ lọ́fẹ̀ẹ́ lọ́dún, kí wọ́n sì sọ ọ́ ní gbangba. Ọrẹ ẹlẹ́ẹ̀kejì ọjọ́ Ìsinmi kan lóṣù mẹ́ta mẹ́ta, láti Kàtídírà Sacred Heart ní Àkúrẹ́ títí dé ṣọ́ọ̀ṣì tó kéré jù ní ìgbèríko, lè gbé ọmọ mélòó kan dé ilé-ẹ̀kọ́ gíga láìretí Àbújá.

Ti Àbújá ń bẹ lọ́rùn àwọn tí a rán lọ. Sẹ́nétọ̀ mẹ́ta àti aṣojúṣòfin mẹ́sàn-án ni ìpínlẹ̀ Oǹdó ní. Àtúnṣe tí à ń wí kò ju gbólóhùn díẹ̀ lọ níbi tí òfin ti sọ irú ilé-ẹ̀kọ́ tó lè jàǹfààní. Kí ọ̀kan nínú wọn gbé àbá náà kalẹ̀, kí àwọn yòókù tì í lẹ́yìn. Ẹ̀yin òbí, ẹni tó bá sì wá tọrọ ìbò yín ní 2027 láìtíì fẹnu bà á, ẹ bi í léèrè lójú agbo.