Èsì wa fún Ìyá Ìbejì tó fún wa ní ìràwọ̀ kan torí igi Kérésì

Ẹ kú àárọ̀ o, Ìyá Ìbejì. A rí ohun tí ẹ kọ nípa ọjà wa lórí íńtánẹ́ẹ̀tì lánàá, a dúpẹ́. Ìràwọ̀ kan náà, a gbà á.

Ṣùgbọ́n ẹ jẹ́ kí n fèsì níta níbí, torí níta lẹ ti sọ ọ́, àwọn tó fẹ́ wá rajà lọ́dọ̀ wa lọ́la náà sì ń kà á. Ẹ ní igi tí a tà fún yín tẹ́ẹ́rẹ́ bí ìgbálẹ̀, pé kì í ṣe èyí tó wà nínú fọ́tò wa. Ẹ ní a pẹ́ gbé ọjà dé. Ẹ ní iná Kérésì tí ẹ rà mọ́ ọn ò lò ju ọjọ́ mẹ́ta lọ. Ẹ ní ọ̀kan nínú bọ́ọ̀lù tí wọ́n ń so mọ́ igi fọ́ mọ́ ọmọ yín lọ́wọ́. Ẹ wá fi kádìí ẹ̀ pé kí ni Mùsùlùmí mọ̀ nípa Kérésì tó fi ń tajà Kérésì. Ìyẹn ló dùn mí jù, màá débẹ̀.

Ọjọ́bọ̀ ọjọ́ 11 oṣù yìí lẹ wá sí ṣọ́ọ̀bù wa ní Wàǹdó, ní Àjàṣẹ́ (Porto-Novo) níbí, ẹ̀yin fúnra yín lẹ mú igi mítà 1,80, ẹgbẹ̀rún 22 sẹ́fà, ọmọ àbúrò mi tó ń bá mi dúró ló kọ rẹsíìtì. Ó ní ẹ bi òun pé ṣé ó máa kún, òun sì mú yín lọ síbi èyí tí a gbé síwájú ṣọ́ọ̀bù, òun fi ẹ̀ka kan hàn yín bí wọ́n ṣe ń là á. Torí igi oníke yìí, ńṣe ni wọ́n máa ń ká a pọ̀ sínú páálí bí agboòrùn. Tí ẹ bá yọ ọ́, ẹ máa fa ẹ̀ka kọ̀ọ̀kan wálẹ̀, ẹ wá máa la ọmọ ẹ̀ka, ọ̀kan sọ́tùn-ún, ọ̀kan sósì, ọ̀kan sókè, láti ìdí títí dé orí. Èmi tó ti mọ́ lára, ó máa ń gbà mí tó wákàtí kan, ìka á sì máa ta mí. Ìyá Ìbejì, mo fa fọ́tò igi náà tí ẹ fi mọ́ ọ̀rọ̀ yín tóbi lórí fóònù nígbà mẹ́ta. Okùn ọ̀rá funfun tí wọ́n fi dì í láti ilé iṣẹ́ ṣì wà lára àwọn ẹ̀ka ìsàlẹ̀. Ẹ ò tíì tú igi yẹn rárá! Ẹ dè é bí adìyẹ ọjà, ẹ wá ní kò na ìyẹ́. Ọ̀kan nínú àwọn ìbejì jókòó sínú páálí lẹ́yìn níbẹ̀, ó ń rẹ́rìn-ín, ìyẹn gbádùn ọjà wa ní tiẹ̀.

Iná ńkọ́? Nínú fọ́tò kejì, iná wa ló wà lórí okùn aṣọ yẹn, níta gbangba, tí ẹ fà á kọjá sórí krẹ́ṣì, ilé ìbí Jésù tí àwọn ọmọ fi màrìwò àti amọ̀ kọ́. Krẹ́ṣì yẹn dáa o, mi ò ní purọ́, ẹni tó mọ àgùntàn yẹn, ọwọ́ ẹ̀ tọ́. Àmọ́ iná inú ilé ni iná yẹn. IP20 ni wọ́n kọ sẹ́gbẹ̀ẹ́ páálí ẹ̀, wọ́n tún kọ ọ́ ní Faransé pé inú ilé ni, kò gbọdọ̀ rí omi. Èyí tó ń gbé ìta, IP44 ni, ẹgbẹ̀rún 7, a fi hàn yín, ẹ ní ó ti wọ́n jù, ẹ mú ti 3 500. Sátidé ọjọ́ 13 lẹ gbà á, Ìṣẹ́gun ọjọ́ 16 ló kú, ẹ ka iye òru tí ìrì fi pa á. Àti pé àwọn gílóòbù kéékèèké yẹn, ara wọn ni wọ́n ń gbaná lọ́wọ́, tí ọ̀kan bá jó tàbí tó tú, gbogbo àwọn tó wà lórí ìlà kan náà ló lè kú. Ṣé ẹ yẹ̀ wọ́n wò lọ́kọ̀ọ̀kan?

Ti pé a pẹ́, òótọ́ ni. A ní aago mẹ́wàá, aago mẹ́rin ìrọ̀lẹ́ ló dé. Táyà alùpùpù ọmọ tó ń gbé ọjà fún wa ló bẹ́, ó pe yín lẹ́ẹ̀mejì, ẹ ò gbé e, mo rí i lórí fóònù ẹ̀.

Bọ́ọ̀lù, 24 ló wà nínú páálí, 6 péré ni onígíláàsì, a fi ìwé ìròyìn wé wọn sọ́tọ̀, a ní kí ẹ so wọ́n sókè níbi tọ́wọ́ ọmọ ò ti lè tó. Àmọ́ níbí yìí mo gbà pé ó kù díẹ̀ káàtó lọ́dọ̀ wa. Ó yẹ ká bi yín bóyá ọmọ kékeré wà nílé. Ọmọ ọdún mẹ́ta àti gíláàsì ò bára wọn rìn. A dúpẹ́ pé kò gé e.

Ó ku ti Mùsùlùmí. Mùsùlùmí ni mí, mi ò fi bò. Ṣùgbọ́n Àjàṣẹ́ la wà o, agbolé wo ló wà níbí tí wọn ò ti máa gbé ẹran Iléyá àti ìrẹsì Kérésì ránṣẹ́ síra wọn? Kátólíìkì ni ìyá tó bí ìyá mi. Àwa ọmọdé la máa ń lọ já màrìwò, àwa la máa ń po amọ̀, tí àwọn ọmọ kaléta, eégún ọmọdé ìgbà Kérésì, bá wá gbé ìbòjú àti ìlù dé, a máa ju krẹ́ṣì sílẹ̀ sáré tẹ̀lé wọn, ká tó padà dé ewúrẹ́ á ti jẹ òrùlé lórí ọmọ Jésù. Ọdún kẹsàn-án rèé tí mo ti ń tajà yìí, ẹ̀yin lẹ kọ́kọ́ bi mí léèrè ìrun.

Ẹ gbé iná yẹn wá pẹ̀lú páálí ẹ̀ kí ọjọ́ 23 tó kọjá, màá pààrọ̀ ẹ̀, bí kò tiẹ̀ yẹ kí n ṣe é. Ẹ kó bọ́ọ̀lù onígíláàsì márùn-ún tó kù dání, mo ti ya oníke méjìlá sọ́tọ̀ fáwọn ìbejì, mi ò gbowó. Lọ́jọ́ Àìkú, ọmọ àbúrò mi á wá sílé yín wá bá yín la ẹ̀ka igi náà, owó zẹ́mì (ọ̀kadà) ẹ̀, ọwọ́ mi ló ti máa jáde, ẹ ṣáà fún un lómi mu. Kó tó dé, ẹ jọ̀ọ́, ẹ má já okùn ọ̀rá yẹn dànù o, mo ti ní kó yà á ní fọ́tò wá fún mi.