Àlejò Lójú, Ṣùgbọ́n Kò Fi Ríran

Ọ̀pọ̀ èèyàn ka òwe yìí sí èébú fún àlejò. Bẹ́ẹ̀ kọ́. Iṣẹ́ ni àwọn àgbà fi pín fún ẹni méjì: kí àlejò béèrè, kí onílé sì fi hàn án. Ó tọ́ ká rán ara wa létí rẹ̀ nígbà ooru, tí ọmọ Yorùbá ń lọ lo ìparí ọ̀sẹ̀ lọ́dọ̀ ẹbí tàbí ọ̀rẹ́ ní London. Èdè kan náà lẹ jọ ń sọ, ẹ̀fọ́ rírò kan náà ló wà lórí iná, ojú á wá máa tan àlejò pé ilé lòun wà. Ẹbí yín ni wọ́n lóòótọ́. Ilé tí wọ́n ń gbé ló yàtọ̀.

Balùwẹ̀ ni kí ẹ ti bẹ̀rẹ̀, torí ibẹ̀ ni ìbínú abẹ́nú ti ń bẹ̀rẹ̀ jù. Nílé wa, sìmẹ́ǹtì ló wà nílẹ̀ balùwẹ̀, ihò tí omi ń gbà jáde sì wà níbẹ̀. Ní ọ̀pọ̀ ilé London, òkè pẹ̀tẹ́ẹ̀sì ni balùwẹ̀ wà, pákó ló wà lábẹ́ ohun tí wọ́n tẹ́ sílẹ̀, kò sì sí ihò kankan. Omi tí ẹ bá dà sílẹ̀ á wọnú pákó, á gba àjà pálọ̀ yọ nísàlẹ̀. Kì í hàn lọ́jọ́ kìíní. Àjà á kọ́kọ́ pọ́n rúsúrúsú, á wú, kó tó já. Nítorí náà, inú ọpọ́n ìwẹ̀ ni kí ẹ dúró sí, kí ẹsẹ̀ kọ́tìnì sì wà nínú ọpọ́n, kó má wà níta. Ẹni tó fẹ́ràn korobá àti ike lè lò wọ́n, kí korobá ṣáà wà nínú ọpọ́n náà. Tíṣù lè bá omi ṣáláńgá lọ. Wáìpù kò gbọdọ̀ bá a lọ, torí kì í yọ́, páìpù ló máa dí.

Ẹ tún béèrè bí omi gbígbóná ṣe ń wá. Báyílà, ẹ̀rọ tó ń mú omi ilé gbóná, míì wà tó ń ṣe é lójú ẹsẹ̀, ìyẹn kò ní wàhálà. Ṣùgbọ́n bó bá jẹ́ táǹkì, ọpọ́n kíkún kan lè gba nǹkan bíi lítà 80. Bí ẹni méjì bá kún ọpọ́n tẹ̀léra, omi tútù ló kù fún ẹnì kẹta, ẹni náà sì lè jẹ́ onílé tó fẹ́ lọ síbi iṣẹ́.

Ọ̀wọ̀ tí a ń bu fúnra wa ló sábà máa ń dí ọ̀rọ̀ yìí lọ́nà. Bí onílé bá jẹ́ àbúrò, tí àlejò jẹ́ ẹ̀gbọ́n tàbí àǹtí, ẹnu àbúrò kì í gbà á láti sọ pé ẹ má da omi sílẹ̀. Á dákẹ́, á máa nu ilẹ̀ lẹ́yìn yín, inú rẹ̀ á sì máa bàjẹ́. Ẹ̀gbọ́n náà kò ní béèrè, kí wọ́n má baà pè é ní ará oko. Èmi gbà pé ẹ̀gbọ́n ló yẹ kó lanu: "Àbúrò mi, mú mi yí ilé ká, kí n mọ bí nǹkan ṣe ń ṣiṣẹ́." Kí àbúrò má wá sọ pé kò séwu. Kó dáhùn pé, "Ẹ̀gbọ́n mi, ẹ má bínú o, pákó ló wà nílẹ̀ balùwẹ̀ yìí, omi máa ń jò sísàlẹ̀." Kó sọ ìdí pọ̀ mọ́ ọn, òfin tí kò nídìí ló máa ń dun àgbà. Ìdajì wákàtí lálẹ́ Fúráìdè ti tó fún gbogbo rẹ̀: kọ́kọ́rọ́, omi, ike ìdọ̀tí, àti ẹni tó máa sùn lọ́sàn-án.

Ẹ má fojú kékeré wo ti ìkẹyìn yẹn. Ọ̀pọ̀ èèyàn wa níbẹ̀ ló ń ṣiṣẹ́ òru ní ọsibítù àti ilé ìtọ́jú àwọn arúgbó. Ẹni tó wọlé láàárọ̀ Sátidé nílò oorun ju àlejò lọ. Ẹ kó àwọn ọmọ lọ sí páàkì títí di ọ̀sán.

Lẹ́bàá ilé ìdáná, ẹ̀rọ kékeré kan wà lára àjà tó ń han bó bá gbọ́ èéfín. Ata díndín àti dòdò ló máa ń ta á jí. Ẹ ṣí fèrèsé, ẹ tan fáànù tó wà lókè sítóòfù, ẹ ti ilẹ̀kùn ilé ìdáná kí epo tó gbóná. Bó bá han, ẹ fi aṣọ fẹ́ atẹ́gùn sí i. Ẹ má yọ bátìrì rẹ̀ láé; ẹni tó bá yọ ọ́ lè gbàgbé láti dá a padà, iná kò sì mọ àlejò.

Ní ìparí oṣù Júùnù, oòrùn kì í wọ̀ títí di nǹkan bí aago mẹ́sàn-án kọjá ogún ìṣẹ́jú lálẹ́, kì í sì í tó aago márùn-ún tó fi ń yọ. Ẹ fi aago sùn, ẹ fa kọ́tìnì fún àwọn ọmọ. Ògiri kan ló wà láàárín ilé sí ilé, ẹ rọ rédíò sílẹ̀ kí aago 11 tó lù.

Bí ẹ bá ń wa mọ́tò bọ̀ láti Leeds tàbí Manchester, ẹ yẹ nọ́ńbà rẹ̀ wò lórí ìkànnì Transport for London kí ẹ tó gbéra. Owó tí wọ́n ń pè ní ULEZ, tí mọ́tò tí èéfín rẹ̀ pọ̀ máa ń san, ti kárí gbogbo London láti ọjọ́ 29 oṣù Ògọ́ọ̀sì 2023. £12.50 ni lójúmọ́ kan, Sátidé àti Sọ́ńdè kò yọ sílẹ̀. Mọ́tò bẹntiróòlù láti nǹkan bí 2006 síwájú sábà máa ń bọ́ lọ́wọ́ rẹ̀. Ti dísù, láti ìparí 2015. Agogo 12 òru ni ọjọ́ ń yí: ẹni tó bá wọlé ní aago 11 alẹ́, tó ṣì ń wakọ̀ kiri ní aago 12 kọjá, ọjọ́ méjì ló máa san. Kò sẹ́ni tó máa dá yín dúró. Kámẹ́rà ló ń ka nọ́ńbà, bí ẹ kò bá sì san owó náà, ìwé ìtanràn £180 ló ń dé sílé lẹ́yìn náà. Ẹ sọ fún onílé ṣáájú kó bá yín gba ìwé àyè ìgbọ́kọ̀sí àlejò.

Bọ́ọ̀sì kì í gba owó ọwọ́. Káàdì báńkì ni ẹ máa fi kan ẹ̀rọ, kí kálukú ní tirẹ̀. Nínú rélùwéè abẹ́ ilẹ̀, ẹ fi kàn án nígbà tí ẹ bá ń wọlé àti nígbà tí ẹ bá ń jáde. Bó bá jẹ́ fóònù lẹ fi wọlé, ẹ má fi káàdì jáde, torí ẹ̀rọ á kà á sí ẹni méjì, á sì yọ owó tó pọ̀ jù lọ́wọ́ méjèèjì.

Ọjọ́ tí ẹ bá dé ni kí ẹ ti sọ wákàtí tí ẹ máa lọ. Mọ́ńdè tó kẹ́yìn oṣù Ògọ́ọ̀sì jẹ́ ìsinmi, ọkọ̀ á kún, wọ́n sì máa ń ti ojú irin mìíràn pa fún àtúnṣe, ẹ wò ó kí ẹ tó ra tíkẹ́ẹ̀tì. Láàárọ̀ ọjọ́ tí ẹ máa lọ, ẹ bọ́ aṣọ orí ibùsùn, kí ẹ sì béèrè ibi tí onílé fẹ́ kí ẹ kó o sí.