Etí la fi ń ṣeré LOOM, kì í ṣe ojú

Mo tún ti rí i lónìí. Ẹnì kan to lẹ́tà ohùn orin kún ojú ìwé, ó ní gbogbo ọfọ̀ inú LOOM, géèmù kọ̀ǹpútà tí a ti ń fi ohùn mẹ́rin mẹ́rin pe ọfọ̀, rèé, kí oníkálukú lọ máa tẹ̀ ẹ́. Kò pẹ́ tí ẹ̀sùn fi dé lábẹ́ rẹ̀: "Mo tẹ̀ ẹ́ bó ṣe wà, kò ṣiṣẹ́. Géèmù yìí ti bàjẹ́." Kò bàjẹ́ o. Kọ́kọ́rọ́ ilé onílé lẹ fẹ́ fi ṣílẹ̀kùn ilé tiyín.

Brian Moriarty àti àwọn Lucasfilm Games tó ṣe géèmù náà mọ̀ọ́mọ̀ ṣe é bẹ́ẹ̀ ní 1990 ni. Gbogbo ìgbà tí ẹ bá bẹ̀rẹ̀ géèmù tuntun, kọ̀ǹpútà á tún ohùn púpọ̀ nínú àwọn ọfọ̀ náà tò. Ọfọ̀ ìṣínǹkan ò yí padà ní tiẹ̀: E C E D. Àwọn bíi ti sísọ koríko di wúrà, tèmi lè má jọ tiyín rárá. Ìdí nìyẹn tí ìwé kékeré tó wà nínú páálí géèmù náà fi fi àyè sílẹ̀, kí olúkúlùkù fi pẹ́ńsù kọ tirẹ̀ sí i.

Èyí tó wá ń bí mi nínú jù ni pé Yorùbá ló ń bẹ̀bẹ̀ fún lẹ́tà. Nígbà tí Bobbin Threadbare, ọmọkùnrin tí à ń darí nínú géèmù náà, bá kọ́kọ́ mú ọ̀pá ìrànwú tó fi ń pe ọfọ̀, ohùn mẹ́ta péré ló lè jáde lára rẹ̀: C, D, E. Dò, re, mí! Ohun tí wọ́n fi kọ́ wa ní àmì ohùn ní ilé ìwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ gan-an. E C E D, mí dò mí re ni. Ẹ kà á láti ẹ̀yìn, re mí dò mí, ohun tí ẹ ṣí á padà dé. Kí lẹ fẹ́ fi lẹ́tà ṣe?

Ẹ tẹ nǹkan tí ẹ fẹ́ pe ọfọ̀ sí, àwòrán rẹ̀ á yọ nísàlẹ̀ lápá ọ̀tún. Lẹ́yìn náà, ẹ máa tẹ ara ọ̀pá: apá òsì ni ohùn ìsàlẹ̀, bẹ́ ẹ ṣe ń lọ sápá ọ̀tún ló ń gòkè. Ohùn kẹrin ló ń parí ọfọ̀. Bẹ́ ẹ bá ṣì í, ẹ tún un pè; géèmù yìí kì í pa èèyàn. Ibi tó ti ń dun èèyàn ni ìgbà tí nǹkan bá ń kọ ọfọ̀ tirẹ̀ fún yín, bí àwọn òwìwí inú ihò igi tó ń kọ ọfọ̀ ìríran òru. Ẹ kọ ọ́ sílẹ̀ lójú ẹsẹ̀, nítorí òmíràn wà tí ẹ ò ní padà gbọ́ mọ́. Ẹ sì fi géèmù pamọ́ kí ẹ tó kúrò níbẹ̀.

Ẹni tó ń da lẹ́tà kọ kì í sábà rántí pé a lè dá ọfọ̀ padà sẹ́yìn. Ẹ wo ihò dírágónì. Ó jókòó lórí wúrà, kò ní kúrò. Ọfọ̀ tó ń sọ koríko di wúrà, tí ẹ ti gbọ́ lẹ́gbẹ̀ẹ́ kẹ̀kẹ́ ìrànwú ní erékùṣù tí géèmù ti bẹ̀rẹ̀, ẹ pè é láti ẹ̀yìn sí wúrà náà. Gbogbo rẹ̀ á di koríko gbígbẹ, iná ẹnu dírágónì á ràn mọ́ ọn, òun fúnra rẹ̀ á sì fò lọ. Ẹ̀tàn kan wà ńbẹ̀ ṣá: ọfọ̀ tó bá dọ́gba níwá lẹ́yìn ò ní ìdàpadà.

Àwọn kan á ní ẹ̀dà tó ń sọ̀rọ̀, ti 1992, tí wọ́n ń tà lórí Steam, ilé ìtajà géèmù orí íńtánẹ́ẹ̀tì, ló dáa jù torí àwọ̀ rẹ̀ pọ̀. Ẹ gbádùn ẹ̀. Àwọ̀ mẹ́rìndínlógún péré ni Mark Ferrari fi ya ti 1990, ó sì tó mi. Ọ̀rọ̀ tí wọ́n ń bára wọn sọ pọ̀ nínú ti 1990 yìí ju ti 1992 lọ. Nígbà tí wọ́n fẹ́ kó ohùn èèyàn sórí CD, àyè ò gbà á, ni wọ́n bá gé e.

Nítorí náà, nínú àwọn ìpele tí géèmù náà ní, ẹ yan Expert, èyí tó le jù. Kò sí lẹ́tà, kò sí àmì, etí nìkan. Àwòrán kan tiẹ̀ wà tó jẹ́ pé ẹni tó yan Expert nìkan ló ń rí i.

Àmọ́ ṣá, ọ̀pá yẹn ń dàgbà. F á dé, G á dé, títí dé C òkè. Etí Yorùbá mọ èyí tó ga ju èkejì lọ, ṣé ó mọ iye tó fi ga? Ìdajì ohùn péré ló wà láàárín E àti F, bẹ́ẹ̀ náà ni B àti C. Níbẹ̀ ni ọ̀pọ̀ ti ń ṣì í, pàápàá lórí sípíkà kékeré inú láptọ́ọ̀pù. Akọrin ṣọ́ọ̀ṣì tó ń ka dò re mí fà sọ̀ ò ní ìṣòro. Ó lè jẹ́ àwọn akọrin ni mo ti ń bá wí látẹ̀ẹ̀kan, kì í ṣe gbogbo ọmọ Yorùbá. Ẹ̀yin tí ẹ ò kọrin rí, ẹ kọ́kọ́ gbìyànjú Standard ná. Lẹ́tà wà níbẹ̀, mo mọ̀.